Tíṣà Tó Fẹ̀yìn Tì, Tó Tún Gbé Ṣọ́ọ̀kì

Ó kù díẹ̀ kí aago méje àárọ̀ lù nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ikorodu Road, tí mo wọ inú Ìlúpéjú. Ní Town Planning Way, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ti ń rọ́ lọ síbi iṣẹ́, àwọn ìyá ń fa ọmọ lọ́wọ́, Máruwá ń fun fèrè lẹ́yìn wọn. Láàárín èrò yẹn, àwọn kan wà tí mo mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn: wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, báàgì wà ní èjìká, bírò pupa wà ní àpò àyà, wọ́n sì ń yára bí ẹni tí agogo ilé ìwé ń pè. Tíṣà ìjọba ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìjọba ti kí wọn pé ó dàbọ̀, owó ìfẹ̀yìntì sì ń wọlé fún wọn, àmọ́ wọn ò tíì fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

Tìtorí irú wọn ni mo ṣe jáde. Ìbéèrè kan ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, àní lẹ́nu àwọn tíṣà pàápàá: ṣé kò lòdì sófin ni, kéèyàn máa gba pẹ́ńṣàn kó tún máa gba owó oṣù?

Mo yà sí àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Coker Road, níbi tí wọ́n ti sọ ilé alájà méjì kan di ilé ìwé. Kíláàsì pírámárì kẹrin ni mo jókòó sí lẹ́yìn. Ìyá tó ń kọ́ wọn wé gèlè kékeré, ó fi bébà wé ìdí ṣọ́ọ̀kì kí ẹfun má baà bá a lọ́wọ́. Rúlà onígi kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tó ti lò títí tí nọ́ńbà ọ̀kan dé mẹ́ta fi pa rẹ́. Òun ló fi ń fa ìlà sórí pátákó. Ìṣirò pínpín ni wọ́n ń ṣe. Ọmọkùnrin kan lẹ́bàá fèrèsé di pẹ́ńsù mú bí ẹni di ọ̀bẹ mú. Ìyá kò pariwo mọ́ ọn. Ó rìn lọ bá a, ó tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tò wọ́n padà sórí pẹ́ńsù náà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n n kò rí tíṣà ọ̀dọ́ kankan tó ṣe irú ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Nígbà ìsinmi, mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í pé, "Mà, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba?"

"1987, ọmọ mi. Ọdún 35 gbáko. Oṣù Kẹta 2022 ni mo fi ibẹ̀ sílẹ̀."

Mo ṣírò rẹ̀, ó sì dùn mí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó sún ìfẹ̀yìntì tíṣà síwájú: láti ọmọ 60 ọdún dé 65, láti iṣẹ́ ọdún 35 dé 40. Òfin àpapọ̀ ni, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti gbà á wọlé fún tíṣà tirẹ̀. Ìyá sì ti kó ẹrù rẹ̀ jáde kí bírò tó kan ìwé ọ̀hún. Ó ní, "Kò burú. Ara mi ṣì le, wọ́n ní kí n lọ sinmi, mo wá ibòmíràn ṣiṣẹ́."

Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kì í ṣe ọrẹ. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2007 tí ètò ìfẹ̀yìntì tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti ń yọ owó nínú owó oṣù rẹ̀, tí ìjọba náà ń fi tirẹ̀ kún un, tó ń wọ àkáǹtì tó wà lórúkọ rẹ̀. Ogún ọdún tó ti ṣe ṣáájú ìyẹn ni ìjọba jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àjọ LASPEC, tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń fún àwọn bíi tirẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí bọ́ǹdù fún gbèsè yẹn. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ pé ló tó gba lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìyókù sì ń wọlé lóṣooṣù.

Ní ti òfin, Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ọ́ kedere nínú Àfikún Karùn-ún. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ń gba pẹ́ńṣàn láti àpò ìjọba, kò gbọdọ̀ gba ju ipò olówó oṣù kan ṣoṣo lọ lábẹ́ iléeṣẹ́ tàbí àjọ ìjọba. Pẹ́ńṣàn rẹ̀ àti owó ipò kan yẹn nìkan ló lè máa gbà láti àpò ìjọba. Ìwé yẹn kan náà ka òṣìṣẹ́ ilé ìwé ìjọba mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, nítorí náà ó kan tíṣà. Ṣùgbọ́n ilé ìwé aládàáni kì í ṣe àpò ìjọba. Ìyá tí mo jókòó tì yìí kò rú òfin kankan. Abala 210 ìwé òfin náà tún ní wọn ò gbọdọ̀ dá pẹ́ńṣàn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ dúró tàbí dín in kù lọ́nà tí kò bófin mu, wọn ò sì gbọdọ̀ gba owó orí lórí rẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tíṣà tó bá tètè padà sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kí àsìkò tí òfin dá tó pé lè pàdánù owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Tiwa rọrùn jùyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wá dùn mí jù lọ kò sí nínú òfin. Ìyá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bó ṣe ń ká oúnjẹ rẹ̀ padà sínú báàgì: owó tí wọ́n ń san fún un kéré sí ti ọmọdébìnrin tó ń kọ́ pírámárì kejì. Nígbà tó béèrè, wọ́n ní, "Mà, ẹ ṣáà ń gba pẹ́ńṣàn." Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí níbi púpọ̀, èmi kò sì gbà á. Iṣẹ́ àná ni pẹ́ńṣàn san. Iṣẹ́ òní ní owó tirẹ̀. Ẹni tó bá fi pẹ́ńṣàn ìyá yìí dín owó rẹ̀ kù ń mú lára ohun tó fi ọdún 35 kó jọ.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo gba Industrial Avenue kọjá, níwájú Academy Press, iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé tí ọ̀pọ̀ ìwé ọmọ ilé ìwé ti jáde. Àwọn lọ́rì wà níbẹ̀. Mo ń ronú pé ìwé wà, tíṣà tó mọ̀ ọ́n tú fọ́mọ ló ń wọ́n.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún, mo bá lẹ́sìn kan nínú gáréèjì ilé kan. Ọmọ mọ́kànlá ló ń múra JAMB níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri. Bàbá tó ń kọ́ wọn ní físíìsì fẹ̀yìn tì nílé ìwé girama ìjọba. Ó sọ fún mi pé àjọ ìjọba kan gba òun síṣẹ́ kan, òun ń kọ́ àwọn àgbàlagbà níbẹ̀ ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Àjọ ìjọba míì tún wá pe òun. "Mo ní rárá, ẹ má bínú. Ẹyọ kan lòfin gbà fún mi." Lẹ́sìn yìí kò sí lára ipò ìjọba ọ̀hún, nítorí àwọn òbí ló ń san án. Ó sì gbé máàkà rẹ̀ padà sójú pátákó.

Ẹ̀yin onílé ìwé ní Ìlúpéjú àti káàkiri Mushin, tí ẹ bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ti kàn yín: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ yín, ìdá mẹ́jọ láti ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ ṣe é fún àwọn ọ̀dọ́ tíṣà yín kí àwọn náà lè ní nǹkan lẹ́yìn ọ̀la. Àwọn àgbà tó wá bá yín ṣiṣẹ́, ẹ kọ iye owó wọn sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì san án pé.