Owó Ìtanràn àti Òmìnira Ọ̀rọ̀ Sísọ Lórí Afẹ́fẹ́

Abala 39 Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún oníkálukú ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Ẹrẹ́nà 2019, àjọ NBC, tí ìjọba ológun fi òfin dá sílẹ̀ ní 1992, bu owó ìtanràn ₦500,000 lé iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n 45 lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àjọ yìí kan náà ni olùfisùn, òun ni olùwádìí, òun tún ni adájọ́. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá pàápàá sàn jù ú lọ. Ẹgbẹ́ Media Rights Agenda pè é lẹ́jọ́. Ní 10 oṣù Èbìbí 2023, Adájọ́ James Omotosho ti Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá fagi lé ìtanràn náà, ó ní àjọ náà kì í ṣe ilé-ẹjọ́.

Lójú tiwa, ìpalára tó jù kò hàn nínú ìwé ìdájọ́. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023 yìí kan náà, ọ̀rọ̀ tí àlejò sọ ni àjọ náà torí rẹ̀ bu ₦5,000,000 lé Channels lórí. Atọ́kùn ètò tó gbọ́ irú èyí yóò gé ìpè olùgbọ́ láti Ìrẹ̀mọ kí onítọ̀hún tó dárúkọ gómìnà.