Fífi Ìlú Àjò Àtijọ́ Han Ọmọ: Àpẹẹrẹ Gáná

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá; àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n àrọ́bá nìkan kò tó nígbà tí ìtàn náà bá ní ojúlé, ọjà àti ọ̀nà tí a ṣì lè fojú rí. Ìdí nìyí tí àwọn àgbàlagbà Yorùbá kan tí wọ́n ti gbé Gáná rí fi máa ń kó ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn lọ síbẹ̀, kí wọ́n lè fi ibi tí wọ́n ti ṣòwò, tí wọ́n sì ti bímọ hàn wọ́n. Iṣẹ́ ńlá ni. Bí bàbá ṣe ń tọ́ka sí ilé àti ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń kọ́ ọmọ ní irú ojú tí yóò máa fi wo àwọn onílùú.

Gold Coast ni orúkọ Gáná kí ó tó gba òmìnira ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 1957. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìnísà, Ìgbòho àti Ṣakí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá ti lọ síbẹ̀. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta wósíwósí, wọ́n sì ní ìsọ̀ ní Kùmásí, ní Tàmálè àti ní àwọn ìlú kéékèèké. Ẹ̀gbọ́n a mú àbúrò lọ, àbúrò a ránṣẹ́ pe ọmọ ìyá rẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá sì wà lára àwọn tí ó fi ìdí ìjọ Onítẹ̀bọmi múlẹ̀ níbẹ̀.

Ohun kìn-ín-ní tí afinihàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ìlú kì í dúró de ẹni tí ó fi í sílẹ̀. Àdúgbò tí àwọn àgbà ń pè ní Lagos Town ní Àkrà ti di New Town. Owó náà ti yí padà: ní 2007, ìjọba Gáná gé òdo mẹ́rin kúrò lára sídì. Bí bàbá bá ń dárúkọ iye tí ó ń ra ẹrù ní ayé ọjọ́un, àfi kí ó ṣe àlàyé kí ọmọ tó lè lóye rẹ̀. Ó yẹ kí ó wádìí ṣáájú ìrìnàjò, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ̀kún ibi tí kò sí mọ́ ni yóò máa sun níwájú àwọn tí ó wá wo ibi tí ó wà.

Ohun kejì ni ìwà àlejò. Nínú ilé àwọn Akan, omi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún àlejò mu, lẹ́yìn náà ni wọn yóò béèrè ohun tí ó gbé e wá, èyí tí wọ́n ń pè ní amanneɛ. Ọmọ tí a kò bá sọ èyí fún lè rò pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò ni. Yóò tún gbọ́ "akwaaba", yóò sì rò pé "ẹ káàbọ̀" ni. Ìró méjèèjì jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọra ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó fi sọ pé èdè méjì jẹ́ ọmọ ìyá.

Irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ yẹ ní James Town ní Àkrà, níbi tí àdúgbò Ngleshie Alata wà lẹ́bàá ilé olódi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní 1673. Alata ni wọ́n máa ń pe Yorùbá ní Gáná. Àwọn kan ní "aláta", ẹni tí ń ta ata, ni ó di Alata. Àwọn òpìtàn mìíràn sì tọ́ka sí Allada, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Kí àgbà sọ méjèèjì, kí ó má fi èyí tí ó dùn mọ́ ọn nínú bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ohun kẹta ni ó le jù: ìdí tí wọ́n fi kúrò. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á, tàbí kí ó fi Gáná sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Gbèsè ti wọ ìjọba lọ́rùn nígbà náà, iṣẹ́ ti wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé àlejò ni ó gba òwò lọ́wọ́ onílé. Ẹni tí ó ní ìsọ̀ ta ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè kò rí i gbà. Ọmọ tí a bí sí Kùmásí ń lọ sí ìlú baba rẹ̀ tí kò tíì dé rí. Nàìjíríà tí wọ́n padà sí sì wà lẹ́nu ogun abẹ́lé.

Bí bàbá bá dúró síbẹ̀, ìdajì ìtàn ni ó sọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba Shehu Shagari pa irú àṣẹ yẹn ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn tí ó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ Gáná ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń pe àpò onílà kan ní "Ghana Must Go". Ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ń dá àpárá pẹ̀lú orúkọ yìí láìmọ̀ pé omijé ẹlòmíràn ni. Kí ó tó gbé irú àpò bẹ́ẹ̀ wọ Àkrà, ó yẹ kí ó mọ̀.

Láàárín àṣẹ méjèèjì ni a dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní 1975. Ní 1979, wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan ní Dakar tí ó fàyè gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láti wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Síbẹ̀ ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni ti 1983 ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìwé àdéhùn dára, ṣùgbọ́n nígbà tí ebi bá dé, àlejò ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Nítorí náà, lẹ́yìn ọjà àti ilé olódi, kí àgbà mú ọmọ lọ kí àwọn aládùúgbò àtijọ́, tàbí ọmọ wọn. Níbẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ohun tí ojú àwọn náà rí. Yorùbá ní bí a bá ní kí a rántí ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Òwe yìí kò ní kí a fi ìtàn pamọ́. Kí a sọ ọ́ tán, ti 1969 àti ti 1983, kí ọmọ má baà jogún ìbínú tí kò mọ orísun rẹ̀.