Wọ́n wá abúlé inú ìwé láti ojú ọ̀run, oko àgùntàn ni wọ́n bá

Bí ènìyàn bá fẹ́ ya fíìmù ìwé àròsọ tí iwin àti oṣó kún inú rẹ̀, níbo ni yóò ti rí ìlú tí kò sí láyé? Ohun tí Peter Jackson, olùdarí fíìmù ní orílẹ̀-èdè New Zealand, ń wá kiri nìyẹn ní ọdún 1998. Ìwé The Lord of the Rings tí òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, J.R.R. Tolkien, kọ ni ó fẹ́ sọ di fíìmù. Abúlé kan wà nínú ìwé náà tí àwọn ènìyàn kúkúrú ń gbé inú ihò lábẹ́ òkè.

Ojú ọ̀run ni wọ́n ti ń wo ilẹ̀. Ilẹ̀ tútù ni wọ́n ń wá, tí kò sí òpó iná, tí kò sí ilé, tí kò sí títì tí kámẹ́rà lè rí. Lẹ́bàá ìlú kékeré Matamata ni wọ́n ti rí i: oko àgùntàn àti màlúù ti ìdílé Alexander, nǹkan bíi ẹ́kítà 500, pẹ̀lú igi ńlá kan létí adágún omi. Lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn. Eré bọ́ọ̀lù rugby ni bàbá olóko ń wò ní tirẹ̀ lórí tẹlifísàn.

Ìdílé náà gbà. Àwọn sójà bá wọn la ọ̀nà wọ inú oko, wọ́n sì fi pákó àti fóòmù ṣe ojú ihò 39. Wọ́n tilẹ̀ gé igi ńlá kan níbòmíràn, wọ́n kọ nọ́ńbà sí àwọn ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n gbé e wá tò padà sórí òkè, wọ́n wá so ewé àtọwọ́dá tí wọ́n rà láti Taiwan mọ́ ọn. Ewé lásán o!

Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó gbogbo rẹ̀. Òjò dá wọn dúró, ihò 17 ṣẹ́ kù. Àwọn tó ti wo fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo ibẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2002, ìdílé náà ń mú àlejò rìn káàkiri, wọ́n ń gba owó. Nígbà tí Jackson padà wá ní ọdún 2009 nítorí fíìmù The Hobbit, ojú wọn ti là. Wọ́n ní kí wọ́n fi ohun tí kò ní jẹrà kọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí. Ihò 44 ni wọ́n kọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Àgùntàn ṣì ń jẹ koríko lórí ilẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n rí gbà. Òkè iná kan wà nínú ìwé yẹn, òkè Ngauruhoe ni wọ́n sì rí tó jọ ọ́. Òkè mímọ́ ni lọ́dọ̀ àwọn Māori, àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1887 ni olórí wọn, Te Heuheu Tūkino, ti fi orí òkè náà àti méjì mìíràn sábẹ́ ààbò ìjọba, kí ẹnikẹ́ni má baà gé wọn tà. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n ya fíìmù ní ṣóńṣó rẹ̀. Ẹni tí igbó orò wà ní ìlú rẹ̀ kò ní béèrè ìdí. Àwọn tó ń ya fíìmù lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè Ruapehu, wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ìyókù.

Síbẹ̀, fíìmù náà gbé orúkọ òkè yẹn jáde. Àwọn àlejò ń gùn ún lọ sókè pátápátá, wọ́n ń fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn aláṣẹ ọgbà náà yọ àmì tó ń júwe ọ̀nà ṣóńṣó òkè kúrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n má gun ibẹ̀ mọ́.