Selam: Òṣùpá Kékeré Tó Ń Jẹ́ Àlàáfíà

Ẹni tó bá ná ọjà Singer ní Sabon Gari, Kánò, níbi tí àwọn alátùntà ti ń ra ọjà lọ́pọ̀ yanturu, kò lè ṣàìgbọ́ “Àsàlámù àlékúmù” lẹ́nu ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ní ìbátan kan tó ti di orúkọ òṣùpá lójú ọ̀run? Selam ni orúkọ náà. Èdè Amharic ti ilẹ̀ Ethiopia ni, èdè tó bá Lárúbáwá tan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àlàáfíà.

Òṣùpá yìí yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń ka oṣù Ramadan. Láàárín Mars àti Jupiter, ọ̀kẹ́ àìmọye àpáta ló ń yí oòrùn po. Ọ̀kan nínú wọn ni Dinkinesh, tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí ní ọdún 1999. Fún ọdún 24, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n kà á sí. Ní ọjọ́ Àlàrùbá, 1 oṣù Kọkànlá, ọdún 2023, Lucy, ọkọ̀ òfurufú NASA ti Amẹ́ríkà tí kò ní èèyàn nínú, kọjá ní nǹkan bí 430 kìlómítà sí i. Àwòrán tó fi ránṣẹ́ fi hàn pé àpáta náà ní òṣùpá. Nígbà tí àwòrán mìíràn dé, ó tún hàn pé òṣùpá ọ̀hún jẹ́ òkúta méjì tó fara kan ara wọn.

Níbi tó ti fẹ̀ jù, Dinkinesh kò ju nǹkan bí 790 mítà lọ. Ká ní ó wà ní Singer, ẹlẹ́sẹ̀ yóò rìn ín já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Selam jìnnà sí i ní nǹkan bí 3.1 kìlómítà, ó sì ń yí i po ní nǹkan bí wákàtí 53. Bí ó bá gbéra lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ní Àtìní, ìyálẹ̀ta Àlàrùbá ni yóò padà dé.

Egungun ayé àtijọ́ méjì tí wọ́n hú ní Ethiopia ló ni àwọn orúkọ wọ̀nyí. Lucy, tí wọ́n rí ní ọdún 1974, ni àwọn ará Ethiopia ń pè ní Dinkinesh, èyí tí í ṣe “ìyanu ni ọ́”. Selam ni ti ọmọdé kan tí wọ́n rí ní ọdún 2000.

Kánò pàápàá kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ òfurufú. Nígbà tí John Glenn yí ayé po ní 20 oṣù Kejì, ọdún 1962, ibùdó NASA kan wà ní Kánò tó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ó ti ń kọjá.

Ẹ̀yin òbí, orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà ti dé ọ̀run. Ó ku kí ọwọ́ àwọn ọmọ wa tẹ iṣẹ́ náà. Ọmọ tó ń bá yín ka páálí ní ìsọ̀ láìṣì í kà, ẹ má ṣe tìtorí ọjà mú un kúrò ní ilé-ìwé. Bí ó bá béèrè ohun tó wà lókè, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ọdún 24 ni Selam fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dinkinesh tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, àfìgbà tí a sún mọ́ ọn. Ẹ̀bùn tó wà lára ọmọ yín lè rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ sún mọ́ ọn.