Nọ́ńbà wo ni ká kọ kí fóònù tó ké pé oògùn ń tán?

Ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ọjà pàdé ara wọn lónìí. Níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ní ilé ìwòsàn, àti ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ìyá ọlọ́jà mìíràn, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn ka ọjà báyìí. Ó máa ń ké bí ọjà bá fẹ́ tán. Ó dára o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń tà lẹ ó sọ ìgbà tí yóò ké fún un.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kàn kọ 10 sí gbogbo ọjà. Nọ́ńbà yẹn kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé rárá. Ẹ jẹ́ ká mú oògùn ibà ọmọdé. Ká ní páálí kékeré 4 ló ń jáde lóòjọ́, tí ẹ bá sì béèrè òmíràn, ọjọ́ 10 ló ń gbà kó tó dé. 4 lọ́nà 10, 40 nìyẹn. 40 yìí lẹ ó máa tà títí tuntun yóò fi dé. Ẹ wá fi ti ọjọ́ 5 kún un, torí ọkọ̀ lè bàjẹ́, òjò lè ba ọ̀nà jẹ́: 20. Gbogbo rẹ̀ di 60. Ní 60 ni kí fóònù ti ké. Ẹni tó kọ 10, nígbà tí tirẹ̀ bá ké, oògùn ọjọ́ méjì àtààbọ̀ ló kù. Ọmọ tí ara rẹ̀ wá ń gbóná lóru ọjọ́ kẹrin ńkọ́? Ìyá rẹ̀ á lọ ra oògùn ẹ̀bá títì tí a kò mọ ibi tó ti wá.

Lásìkò òjò, ibà ń pọ̀. Bí 4 bá di 9 lóòjọ́, 90 pẹ̀lú 45 ni, ìyẹn 135. Ibí yìí gan-an ni mo rí i pé àwọn ènìyàn ń gbàgbé. Ẹ tún nọ́ńbà náà kọ kí òjò tó dé.

Ní ti ọjà, ẹ ò ní gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2019 tí Nàìjíríà ti ẹnubodè. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Kò sí nọ́ńbà tó lè gbani lọ́wọ́ irú ìyẹn. Àmọ́ ọjà tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ nílò nọ́ńbà tó ga ju ti ẹ̀wà tí ẹ lè rà lọ́jà ọrọọrún tó ń bọ̀.

Ìyá kan béèrè pé: fóònù òun ò ké, ọjà sì tán, kí ló dé? Màmá, bóyá ẹ ń tà láìkọ ọ́ síbẹ̀. Fóònù rò pé ọjà ṣì wà. Ní ti oògùn, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá lè wà lórí pẹpẹ kó sì máa kà á mọ́ èyí tó dára. Tàbí kẹ̀, ẹ kọ 5, ẹ ní páálí ńlá 5 lọ́kàn, ẹyọ 5 ni òun mọ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ ka ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ìkìlọ̀ náà sì máa dé sórí fóònù ẹni méjì, torí ẹni tó bá lọ sí ìsinmi, tòun ti fóònù rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀, ẹ fa ìlà pupa sínú ìwé ọjà yín; ìṣirò kan náà ni. Ẹ mú iye tí ẹ ń tà lóòjọ́ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó jọ ṣírò rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́.