Ọ́fíìsì kọ́ńsùlù: iṣẹ́ tó ń ṣe fún ọmọ Nàìjíríà lẹ́yìn odi, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn aláṣẹ Saudi Arabia mú ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wọ ọkọ̀ òfurufú láti Kano lọ ṣe Umrah. Wọ́n ní àwọn bá oògùn tramadol nínú báàgì kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Báàgì náà kì í ṣe tirẹ̀. Ikú lè jẹ́ ìdájọ́ ẹni tó bá gbé oògùn olóró wọ ilẹ̀ náà, nǹkan bí oṣù mẹ́rin sì ni ọmọ yìí lò ní àhámọ́. Nígbà tí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà, tú ìdí ọ̀rọ̀ wò, ó hàn pé àwọn kan ní pápákọ̀ òfurufú Kano ló ń fi orúkọ arìnrìnàjò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sára báàgì oògùn. Ìjọba Nàìjíríà gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìjọba Saudi lọ, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2019.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń gbé ọ́fíìsì kọ́ńsùlù wá sí ojú táyé. Lọ́jọ́ tí kò sí wàhálà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò rántí pé ó wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí wàhálà tó dé ló yẹ kí arìnrìnàjò ti mọ ohun tí ọ́fíìsì náà lè ṣe fún un àti ohun tí kò lè ṣe, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe lè ran ẹni tí wọn ò mọ̀ pé ó wà nílùú lọ́wọ́.

Ta ni kọ́ńsùlù?

Aṣojú ìjọba, ìyẹn ambásẹ́dọ̀, ń bá ìjọba ìlú tó wà sọ̀rọ̀. Kọ́ńsùlù ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló gbé lọ́wọ́. Àdéhùn Vienna ti ọdún 1963 ló to iṣẹ́ yìí lẹ́sẹẹsẹ fún gbogbo ayé. Ilé iṣẹ́ aṣojú tí Nàìjíríà ní kárí ayé ju 100 lọ. Ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí ti Washington, ọ́fíìsì kọ́ńsùlù wà ní New York àti Atlanta. Ní South Africa, ó wà ní Johannesburg. Ní Saudi Arabia, ó wà ní Jeddah. Àwọn ará wa tó wà ní Cotonou àti Lomé náà ní ilé iṣẹ́ aṣojú nítòsí. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth yòókù, High Commission ni wọ́n ń pe ilé iṣẹ́ náà.

Ọ́fíìsì kọ́ńsùlù ni èèyàn ti ń tún pásípọ́ọ̀tù ṣe. Bí pásípọ́ọ̀tù bá sọnù tàbí tí olè jí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ETC, ìwé pàjáwìrì tí wọ́n fi ń padà wálé. Bí ọmọ Nàìjíríà bá kú sí òkèèrè, ọ́fíìsì yìí ló máa ń kàn sí ẹbí, tó sì máa ń bá wọn ṣe ìwé tí wọ́n fi ń gbé òkú wálé. Kódà nígbà tí Ààrẹ Bola Tinubu pe àwọn aṣojú padà sílé ní oṣù Kẹsàn-án 2023, àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ló ń bá iṣẹ́ yìí lọ.

Ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n mú

Abala 36 nínú àdéhùn Vienna ló yẹ kí gbogbo arìnrìnàjò mọ̀ sórí. Ó ní bí wọ́n bá mú àjèjì, dandan ni kí wọ́n sọ fún un láìjáfara pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó kọ́ńsùlù ìlú rẹ̀ létí. Bó bá ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é. Kọ́ńsùlù náà lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀ ẹ́ wò, láti bá a sọ̀rọ̀, àti láti bá a wá agbẹjọ́rò. Ní Amẹ́ríkà, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ fi tó kọ́ńsùlù wọn létí bí wọ́n bá mú ọmọ wọn, ì báà béèrè, ì báà má béèrè.

Ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ọdún 1982 ni wọ́n mú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọmọ Jámánì kan, Karl àti Walter LaGrand, ní ìpínlẹ̀ Arizona lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé wọ́n lè ké sí kọ́ńsùlù wọn. Nígbà tí Jámánì fi máa gbọ́ ní ọdún 1992, wọ́n ti dájọ́ ikú fún wọn, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì ní ọdún 1999. Ní oṣù Kẹfà 2001, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague dá Amẹ́ríkà lẹ́bi, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀tọ́ náà jẹ́ ti ẹni tí wọ́n mú fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba rẹ̀ nìkan. Nítorí náà, kí ẹni tí ọlọ́pàá bá mú nílẹ̀ òkèèrè má bẹ̀rù láti sọ pé: "Ẹ jẹ́ kí kọ́ńsùlù orílẹ̀-èdè mi gbọ́."

Ibi tí agbára mọ

Kọ́ńsùlù kò lè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Kò lè rojọ́ fúnni nílé ẹjọ́, kò sì lè ní kí òfin onílé yẹ̀ fún àlejò. Owó ilé ìwòsàn, owó òtẹ́ẹ̀lì àti owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹrù rẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa tó ní pásípọ́ọ̀tù méjì sì kíyè sí i: bí ọmọ Nàìjíríà tó tún jẹ́ ọmọ Bìrìtìkó bá wà ní Nàìjíríà, ọwọ́ Bìrìtìkó kì í sábà tó o, nítorí ọmọ onílé ni òfin kà á sí.

Nígbà tí ìlú bá dàrú

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 2023, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà wà ní Khartoum. Bọ́ọ̀sì kó wọn gba inú aṣálẹ̀ lọ sí ẹnubodè Íjíbítì, wọ́n há síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí 376 nínú wọn tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Àbújá ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún. Ọdún kan ṣáájú, àwọn tó sá fún ogun Ukraine ti gba Poland, Romania àti Hungary wálé. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ni ìjọba fi ń ṣètò bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tí kò fi orúkọ sílẹ̀ ń bẹ nílùú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí lórí ìwé.

Kí a tó gbéra

Ẹ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti físà, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ẹbí nílé. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ aṣojú sórí bébà, nítorí fóònù lè kú, wọ́n sì lè gbà á. Ẹni tó bá máa pẹ́ níbẹ̀, kó lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì náà. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ ò mọ inú rẹ̀. Ní pápákọ̀, ẹ ka iye báàgì tí wọ́n fi orúkọ yín sí, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kan lè lo 90 ọjọ́ láìgba físà ní òmíràn, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kéèyàn kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ láìní ìwé tó péye àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

Àwọn obìnrin tí wọ́n ń ṣèlérí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ fún ní Lẹ́bánónì tàbí Oman ló yẹ kó ṣọ́ra jù. Lábẹ́ ètò kafala, ọwọ́ ọ̀gá ni ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ wà, ọ̀pọ̀ ọ̀gá sì ń gba pásípọ́ọ̀tù pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹrin 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé ọmọbìnrin Nàìjíríà ẹni 30 ọdún sórí Facebook pé òun ń tà á ní 1,000 dọ́là. Kí ẹni tí iṣẹ́ báyìí bá wá bá béèrè lọ́wọ́ NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti òwò ẹrú, kó tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Ìjọba náà ní gbèsè tirẹ̀ láti san. Fóònù ilé iṣẹ́ aṣojú gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí èèyàn ń gbé lóru. Ní gbogbo ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba pásípọ́ọ̀tù, láti Ìkòyí dé Abẹ́òkúta, ó yẹ kí wọ́n máa fún èèyàn ní ìwé pélébé kan ní Yorùbá, Haúsá tàbí Ígbò, tó sọ ẹ̀tọ́ inú Abala 36 àti nọ́ńbà tí a lè pè. Bébà kan péré ni. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí a ń san fún pásípọ́ọ̀tù, ó sì lè gba ẹni tó bá há sí àhámọ́ ìlú onílùú.