Bọ́lá Ìgè: Amòfin Tó Di Olóṣèlú

Ọdún 1930 ni wọ́n bí Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1961. Láti 1979 sí 1983, òun ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù wà lábẹ́ rẹ̀ kí a tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba rẹ̀ mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní 2000, ó di Mínísítà Ètò Ìdájọ́. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, 2001, wọ́n yìnbọn pa á nílé rẹ̀ n'Íbàdàn. Ilé-ẹjọ́ kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tó ń ṣọ́ ìdájọ́ kò rí ìdájọ́ gbà: ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́.